Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti jóná: àtúnṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ oníná kan ní Kabba

Kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ oníná 48 fọ́ọ̀tì, 500 wáàtì. Inú họ́ọ̀bù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, ó sì ní jíà nínú. Rímù 26, sípóòkì 36. Iṣu ló ń kó láti oko lápá Bùnú wá sí Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogi, ẹrù orí káríà rẹ̀ a sì máa tó 60 kìlò bí ọjà bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé, bí a bá yí tọ́rọ́tù (ọwọ́ tí a fi ń fún ẹ̀rọ ní iná), ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa gbọ̀n jìgìjìgì, á máa kùn, kò sì ní gbéra àfi bí a bá fi ẹsẹ̀ wà á díẹ̀. Nígbà mìíràn, á ṣàdédé lọ geere. Bàbá tó ni ín kí wa ní "Okun o", ó sì ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n ní ó ti jóná, pé kí n lọ ra òmíràn. Ẹ bá mi wò ó kí n tó náwó."

Ẹ̀rọ tó bá jóná lóòótọ́ kì í ṣàdédé lọ geere. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó kí èèyàn má tíì fọwọ́ kan sípánà. Àìsàn tó ń wá tó ń lọ, wáyà ni ká kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí a sì wo ìdí ásùlù (ọ̀pá irin tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá), a rí téèpù dúdú tí wọ́n ti wé mọ́ ibi tí okùn wáyà ti ń jáde. Sípóòkì mẹ́rin ti ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ní apá ibi tí ṣéènì wà. Rímù ń fì sọ́tùn-ún sósì tó 9 mm.

Ọjọ́ kìíní: wíwọ̀n

Bátìrì la kọ́kọ́ wọ̀n. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 48 fọ́ọ̀tì bí èyí ní ẹyin (sẹ́ẹ̀lì) 13 lórí ìlà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa kún dé 4.2, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 54.6. Èyí wà ní 52.3 nígbà tó dúró jẹ́ẹ́, ó sì sọ̀kalẹ̀ sí 51.7 nígbà tí a gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè tí a yí tọ́rọ́tù. Ara rẹ̀ le. Èyí tó bá ń já láti 52 sí 44 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ẹ lọ dojú kọ bátìrì.

A yọ púlọ́ọ̀gì bíréèkì méjèèjì, torí súwíìṣì tó wà lọ́wọ́ bíréèkì máa ń há, tó bá sì há, kọntirólà (àpótí tó ń darí iná lọ sínú ẹ̀rọ) á máa rò pé wọ́n ń di bíréèkì mú, á já iná. Kò yí nǹkan padà. Tọ́rọ́tù: wáyà àmì rẹ̀ fún wa ní 0.85 fọ́ọ̀tì nígbà tó wà ní pípa, ó sì gùn dé 3.9 láìta kókó. Ó dáa.

Lẹ́yìn náà ni a yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ. Ó jẹ́ róbótó, pín-ìnnì 9 ló wà nínú rẹ̀: ńlá mẹ́ta fún agbára, kékeré márùn-ún fún hall sensor (èyí tó ń mọ ibi tí òòfà inú ẹ̀rọ wà), àti ẹyọ kan fún mítà eré. Ẹ wo ọfà kékeré tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì fà á tààrà. Ẹni tó bá yí i bí ẹni ń ṣí ìgò ti tẹ pín-ìnnì náà.

Ní báyìí tí ẹ̀rọ ò so mọ́ nǹkan kan, a yí ẹsẹ̀ náà SẸ́YÌN. Ẹ̀rọ oníjíà ní kílọ́ọ̀ṣì nínú tó jẹ́ pé bí ẹ bá yí táyà síwájú, táyà nìkan ló ń yí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ò mira. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i síwájú, tí á rọ̀ wọ́n lọ́wọ́, tí wọ́n á ní kò sí ohun tó ṣe é. Wọn ò tíì kan ẹ̀rọ rárá. Èyí yí sẹ́yìn dáadáa, ó ń ta kókó díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ kí òòfà máa ta.

A mú ẹ̀já wáyà kan, a fi so wáyà ńlá méjì pọ̀: àwọ̀ ewé pẹ̀lú àwọ̀ òféfèé. Ẹsẹ̀ náà le lójú ẹsẹ̀, ó ń fà bí ẹni ń yí ọlọ. A tún un ṣe fún òféfèé àti pupa rúsúrúsú, lẹ́yìn náà rúsúrúsú àti ewé. Líle náà dọ́gba lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn ni pé wáyà inú ẹ̀rọ kò já, kò sì jóná. Ká ní méjì nínú wọn kò mú un le, wáyà ńlá kan ti já nìyẹn. Ká ní ó sì le láìso nǹkan kan pọ̀, wọ́n ti ń kan ara wọn níbì kan, tàbí kí wáyà inú ti jó. Òórùn fánìṣì jíjó á ti jẹ́rìí sí i kí ẹ tó tú u.

Ibi yìí ni a ti mọ̀ pé bàbá kò ní ra ẹ̀rọ tuntun.

Ó ku kọntirólà. A yọ bátìrì, a tẹ súwíìṣì kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, a dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, a wọ̀n ọn títí ó fi wá sí abẹ́ fọ́ọ̀tì kan. A yí mítà sí ojú dáyóòdù. Ọ̀pá pupa lórí wáyà dúdú bátìrì, ọ̀pá dúdú lórí wáyà ńlá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ọ̀pá pupa lórí wáyà ńlá kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá dúdú lórí wáyà pupa bátìrì. Ìwọ̀n mẹ́fà, gbogbo wọn wà láàárín 0.48 sí 0.51. Tí ọ̀kan bá ka 0.00, MOSFET kan (súwíìṣì kékeré inú kọntirólà) ti jó nìyẹn. Àmì rẹ̀ ni pé, bí ẹ bá yí ẹsẹ̀ sẹ́yìn, á le nígbà tí púlọ́ọ̀gì wà níbẹ̀, á sì rọ̀ bí ẹ bá ti yọ ọ́.

Hall sensor ló kẹ́yìn. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n kéré bí ẹyin ìkamùdù, iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún kọntirólà ibi tí òòfà wà. A so púlọ́ọ̀gì padà, a tan iná, a yí mítà sí 20 fọ́ọ̀tì. Ọ̀pá dúdú lórí wáyà dúdú kékeré, pupa lórí pupa: 4.9. Iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ wáá gbé ọ̀pá pupa sórí wáyà àmì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa yí ẹsẹ̀ sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Rúsúrúsú: 0.1, 4.9, 0.1, 4.9. Ewé: bẹ́ẹ̀ náà. Òféfèé dúró gbagidi lórí 4.9, bó ti wù ká yí i tó.

Ohun tó fà á tí kẹ̀kẹ́ fi ń gbọ̀n rèé. Kọntirólà ló ń gbé wáyà àmì sókè sí fọ́ọ̀tì márùn-ún. Hall sensor ló ń fà á wálẹ̀ bí òòfà bá kọjá. Nínú ẹ̀rọ tó pé, kò sí ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wà lókè pa pọ̀, kò sì sí ìgbà tí wọ́n jọ ń wà nísàlẹ̀. Bí òféfèé bá ti há sókè, tí àwọn méjì yòókù náà bá gòkè, kọntirólà á rí ohun tí kò mọ̀ rí, á já iná. Bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, á tún tan án. Títan-pípa yẹn ni jìgìjìgì tí ẹ ń gbọ́.

Àmọ́ 4.9 tó há lè túmọ̀ sí méjì: bóyá hall sensor ti kú, bóyá wáyà rẹ̀ ti já lọ́nà. Ẹ má tíì tú ẹ̀rọ. Ẹ di ọ̀pá mítà mú lórí òféfèé, kí ẹnì kan máa tẹ okùn wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún láti púlọ́ọ̀gì títí dé ásùlù. Nígbà tí ọwọ́ dé bíi 2 cm sí ẹnu ásùlù, mítà já sí 0.1. A tún un tẹ̀, ó padà sí 4.9. Wáyà ni.

A tú téèpù dúdú náà. Awọ òde okùn wáyà ti là bí ẹní fi ọ̀bẹ gé e, etí ásùlù ló gé e. Nínú rẹ̀, wáyà òféfèé tín-ínrín ti já tán pátápátá. Irun bàbà méjì péré ló ṣì ń kan ara wọn bí a bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Wáyà ńlá rúsúrúsú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti bó lára, bàbà rẹ̀ ń dán. Ìwọ̀n irun orí ló kù kó kan wáyà pupa kékeré. Bí wọ́n bá kan ara wọn, fọ́ọ̀tì 50 á wọnú ọ̀nà fọ́ọ̀tì márùn-ún, hall sensor mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lọ, kọntirólà á tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó wé téèpù yẹn rí ọgbẹ́ náà, kò wẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ti rí awọ wáyà tó là lẹ́nu ásùlù, ẹ má tan iná mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Kí ló gé e

Ásùlù yìí jẹ́ 12 mm, wọ́n sì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì pẹlẹbẹ sí 10 mm kí ó lè jókòó sẹ́nu férémù láìyí. A wọn ẹnu férémù: apá kan 10.3, apá kejì 11.4. Ásùlù ti ń yí níbẹ̀, ó ti fẹ ẹnu rẹ̀ lójú. Ìgbàkígbà tó bá yí, okùn wáyà tó gba inú rẹ̀ jáde á lọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń fi 40 Nm (nútìn-mítà, ìwọ̀n agbára ìyípo) yí táyà. Agbára kan náà ló fi ń gbìyànjú láti yí ásùlù sí òdìkejì. Ibi tí ásùlù ti ń di férémù mú kò ju 12 mm lọ: 40 tí a fi 0.012 pín jẹ́ nǹkan bí 3,300 nútìn, bí ẹni gbé ẹrù 340 kìlò lé etí férémù tín-ínrín. Nọ́ọ̀tì nìkan kò lè dá a dúró, pàápàá lórí òkè, tí ẹ̀rọ ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fà. Bí a bá fi irin ìdímú, èyí tí a ń pè ní torque arm, gbé ibi ìdúró náà jìnnà dé 100 mm, agbára kan náà á di nútìn 400, bíi 40 kìlò. Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní torque arm kankan.

Ọjọ́ kejì: ìtúpalẹ̀

A yọ fíríwíìlì, a fi máákà fa ìlà gba orí ìdérí àti ara họ́ọ̀bù kọjá kí wọ́n lè padà síbi tí wọ́n wà, a tú sìkúrú ìdérí. Ìdérí ti gan. Igi ni a fi gbá etí rẹ̀ yíká, irin á fọ́ ọ.

Jíà mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù funfun. Eyín wọn pé. Gíríìsì ló ti gbẹ tó dà bí ìdọ̀tí etí, pẹ̀lú eruku pupa ojú ọ̀nà wa. Bíárìn ẹ̀gbẹ́ okùn wáyà ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lọ́wọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀: 6001-2RS, ìyẹn 12 mm nínú, 28 mm lóde, 8 mm ní sísanra. Ẹ ka tiyín lára tiyín kí ẹ tó lọ sọ́jà, kí ẹ sì béèrè 2RS, oníbèbè rọ́bà. ZZ onírin kò lè dá omi òjò wa dúró.

Fún okùn wáyà tuntun, a kọ́kọ́ so ìdí rẹ̀ mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a sì fi irin náà fà á gba ihò ásùlù wọlé. Wáyà kọ̀ọ̀kan ni a gé, tí a sì jó lẹ́ẹ̀dì sí kí a tó gé èkejì, kí àwọ̀ má baà dàrú. A kò jẹ́ kí ojú ìjólẹ́ẹ̀dì méjì wà níbì kan náà; a gé wọn kí gígùn wọn má dọ́gba. Rọ́bà tí ń sún kì nínú iná la fi bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Téèpù kò yẹ níbẹ̀ rárá: ooru inú ẹ̀rọ á mú gọ́ọ̀mù rẹ̀ yọ́, á sì tú. A fi okùn ọ̀rá di gbogbo rẹ̀ mọ́ ara irin kó má baà kan jíà.

Kí a tó dé e, a so púlọ́ọ̀gì, a wọ̀n hall sensor mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Òféfèé ń lọ ó ń bọ̀. Ká ní ó ṣì há ni, à bá pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, torí ooru tó pa ọ̀kan ti fọwọ́ kan àwọn yòókù. SS41 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta 49E fún yín dípò rẹ̀: wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ti tọ́rọ́tù ni 49E.

Gíríìsì tuntun: ìwọ̀n ṣíbí tíì kan àbọ̀, lórí eyín jíà nìkan. Ẹni tó bá kún inú rẹ̀ á rí i tí gíríìsì ń jáde lẹ́bàá bíárìn lọ sórí bíréèkì. A fi sílíkóònù fẹ́lẹ́ yí etí ìdérí àti ẹnu okùn wáyà ká.

Ọjọ́ kẹta: sípóòkì

Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń fojú fò nìyí, tó sì jẹ́ pé òun ló ń dá wọn padà wá. Wọ́n á pààrọ̀ sípóòkì mẹ́rin tó ṣẹ́, oṣù kan lẹ́yìn náà, mẹ́rin mìíràn á ṣẹ́.

Ẹni tó so ẹsẹ̀ yìí so ó bíi ti kẹ̀kẹ́ lásán: sípóòkì kọ̀ọ̀kan fi orí kọjá mẹ́ta mìíràn kó tó dé rímù. Họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ lásán kéré, ó bá a mu. Họ́ọ̀bù oníná tóbi bí àwo ọbẹ̀, ihò rẹ̀ ti sún mọ́ rímù. Bí ẹ bá kọjá mẹ́ta, sípóòkì á wọ rímù ní ẹ̀gbẹ́ tó fi nǹkan bí digírì 14 yà kúrò ní tààrà. Ó ní láti tẹ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀tì rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti ṣẹ́. Bí ó bá kọjá ẹyọ kan ṣoṣo, digírì 6 péré ni. A tú gbogbo rẹ̀, a so ó ní kọjá-ẹyọ-kan.

Gígùn sípóòkì yóò yí padà, ẹ má sì méfò rẹ̀. A wọn ìbú rímù láti ìdí nọ́ọ̀tì dé ìdí nọ́ọ̀tì: 540 mm, ìdajì rẹ̀ 270. Ìbú họ́ọ̀bù láti ihò sípóòkì kan dé èyí tó kọjú sí i: 135, ìdajì 67.5. Láti àárín ásùlù dé etí họ́ọ̀bù: 25 lápá òsì, 17 lápá ṣéènì. Sípóòkì 18 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. 360 tí a fi 18 pín jẹ́ digírì 20, kọsáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.940. Ẹ sọ 270, 67.5 àti 25 di ìlọ́po ara wọn, kí ẹ ro wọ́n pọ̀. Ẹ yọ ìlọ́po 2, 270, 67.5 àti 0.940 kúrò, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀, ẹ yọ ìdajì ìbú ihò sípóòkì kan, 1.5 mm; fún apá ṣéènì, ẹ fi 17 rọ́pò 25. Apá òsì fún wa ní 208 mm, apá ṣéènì 207. Ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ 243. Nítorí náà, kò sí bí ẹ ṣe lè lo sípóòkì àtijọ́ àfi bí ẹ bá gé e tí ẹ sì tún fa eyín sí i.

Ní ti sísanra: 12G tó wà níbẹ̀ jẹ́ 2.6 mm. Àwọn èèyàn gbà pé bó bá ṣe ki tó ni yóò ṣe le tó. Sípóòkì tó ki kì í nà. Nígbà tí rímù bá tẹ̀ díẹ̀ nínú kòtò, yóò dẹ̀ pátá, nọ́ọ̀tì rẹ̀ á máa tú fúnra rẹ̀, títẹ̀ tó ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ níbi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á sì ṣẹ́ ẹ. A lo 13G, 2.3 mm. Ihò họ́ọ̀bù fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, a fi wáṣà bàbà kékeré sábẹ́ orí kọ̀ọ̀kan.

Fífà á le: ẹ mú gbogbo nọ́ọ̀tì dé ojú kan náà lára eyín sípóòkì. Ẹ yí gbogbo wọn ní ìyípo kan, yíká. Lẹ́yìn náà ìdajì, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́rin. A dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, a fi okùn ọ̀rá di igi ìgbálẹ̀ kan mọ́ férémù kí ṣóńṣó rẹ̀ sún mọ́ rímù; ibi tó bá ti kan igi, ẹ fa sípóòkì òdìkejì, kí ẹ dẹ ti ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ máa fi ìka ta á bí ẹni ń dán ọ̀sán gángan wò: sípóòkì ẹ̀gbẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ máa fọ ohùn kan náà, ti apá ṣéènì yóò ga ju ti òsì lọ. Èyí tó bá ń fọhùn wúyẹ́ láàárín wọn ni yóò kọ́kọ́ tú. Kí a tó parí, a di sípóòkì méjì méjì mọ́wọ́, a fún wọn pọ̀ gidigidi yíká kí ìgbọ̀nwọ́ wọn lè jókòó, a sì tún un tọ́. Ó kù díẹ̀ kí fífì rẹ̀ tó 1 mm.

Irin ìdímú àti nọ́ọ̀tì

Oníṣẹ́ irin gé páànù irin 6 mm méjì fún wa, gígùn 110 mm. A lu ihò, a fi fáìlì fà á títí tó fi gba 10 mm ásùlù pinpin, tó jẹ́ pé òòlù igi la fi gbá a wọlé. Èyí tó bá wọlé wẹ́rẹ́ kò wúlò, yóò ti yí díẹ̀ kó tó mú. Ìpẹ̀kun kejì, bọ́ọ̀tì 6 mm ló dè é mọ́ ihò tó ti wà lára férémù. Apá méjèèjì la fi sí. Ẹnu férémù tó ti fẹ̀ dé 11.4, a jó irin sí i, a sì fáìlì rẹ̀ padà sí 10.

Nọ́ọ̀tì ásùlù ń fẹ́ 40 Nm. Sípánà 20 cm, kí ẹ fi òṣùwọ̀n oníkọ́ọ̀kì, èyí tí wọ́n fi ń wọn àpò ìrìn àjò, fa orí rẹ̀ títí yóò fi ka 20 kìlò: ìyẹn ti tó 39 Nm. Okùn wáyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ásùlù kó tó gòkè lọ sára férémù, kí omi òjò lè máa kán sílẹ̀ níbi tó tẹ̀ sí dípò kó máa ṣàn wọnú ẹ̀rọ.

Ìdánwò

Kabba wà láàárín òkè, ibi ìdánwò kò jìnnà. Ẹrù 60 kìlò lẹ́yìn, a gun òkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbọ̀n mọ́ nígbà tó ń gbéra. Lẹ́yìn òkè kẹta, a fọwọ́ lé ìdérí họ́ọ̀bù: ó gbóná, ọwọ́ sì lè dúró níbẹ̀. Bí ọwọ́ ò bá lè dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ó tutù, torí inú rẹ̀ gbóná ju òde lọ dáadáa. A ti sọ fún bàbá pé kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ wà á lórí òkè kí eré rẹ̀ má baà já sílẹ̀ jù. Ẹ̀rọ tí kò yí kíá tí tọ́rọ́tù sì wà ní ṣíṣí ń sọ iná bátìrì di ooru lásán.

Wọ́n gbé e padà wá lẹ́yìn nǹkan bí 50 kìlómítà. Sípóòkì mẹ́ta lápá òsì ti dẹ̀ díẹ̀, a fi ìdá mẹ́rin ìyípo fà wọ́n. Ìlà máákà tí a fà gba orí nọ́ọ̀tì ásùlù sórí irin ìdímú ṣì bá ara wọn mu, kò yẹ̀.